Ìwé Àṣẹ Onígbọ̀wọ́: Okùn Tó So Òṣìṣẹ́ Ìlera Mọ́ Agbanisíṣẹ́ Nílùú Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, bẹ́ẹ̀ ni ara kò rọ adìyẹ. Òwe yìí bá ìrírí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nílùú Ọba mu láti ọdún 2022 títí di òní. Okùn tí à ń wí ni ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún agbanisíṣẹ́ kó tó lè gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun. Bí okùn náà bá já, agbanisíṣẹ́ yóò pàdánù owó àti orúkọ rere, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni yóò ṣubú lulẹ̀.

Bí ènìyàn bá jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú tó ń gbèrò láti rìnrìn àjò, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, nípa físà àti nípa owó ọkọ̀ òfuurufú. Ìbéèrè tí kì í sábà jáde lẹ́nu wọn ni èyí: ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ yìí, ta ló fún un láṣẹ, báwo ló sì ṣe ń tọ́jú àṣẹ náà? Èrò wa ni pé ìbéèrè yìí ṣe kókó ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tí kò mọ bí ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́.

Bí agbanisíṣẹ́ ṣe ń gba ìwé àṣẹ náà

Kò sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó nílùú Ọba tó lè pe nọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn tàbí Iléṣà wá síṣẹ́ lórí físà òṣìṣẹ́ bí kò bá kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Home Office, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wíwọlé àti jíjáde àwọn àjèjì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Lẹ́yìn tí agbanisíṣẹ́ bá ti fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ló ní láti fi àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣọwọ́. Yóò fi hàn pé iléeṣẹ́ òun wà lóòótọ́, pé òun ń yọ owó orí àwọn òṣìṣẹ́ òun fún ìjọba, àti pé òun ní ìwé adójútòfò tí kò dín ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, ilé ìtọ́jú tó bá wà ní England tó fẹ́ gba olùtọ́jú láti òkèèrè gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Care Quality Commission, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ ìtọ́jú wò níbẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ náà tún gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tí yóò dúró fún ìwé àṣẹ náà. Èkíní ni ọ̀gá kan tí gbogbo ẹ̀bi yóò wà lọ́rùn rẹ̀ bí nǹkan bá wọ́. Èkejì ni ẹni tí Home Office yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí yóò máa lo ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìgbọ̀wọ́ lójoojúmọ́. Ẹnì kan ṣoṣo lè di ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Ẹni tó bá ní ẹ̀bi ọ̀daràn tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá kò lè dé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè yọjú sí iléeṣẹ́ náà nígbàkigbà, kó tó gba ìwé àṣẹ tàbí lẹ́yìn tó ti gbà á, láìsọ tẹ́lẹ̀.

Owó tí iléeṣẹ́ kékeré àti ẹgbẹ́ aláàánú ń san tẹ́lẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 536, ti iléeṣẹ́ ńlá sì jẹ́ 1,476. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di 574 àti 1,579. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló máa ń rí ìdáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ìwé àṣẹ yìí nìkan kò tó. Fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún pèsè ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́, èyí tí àwọn ará wa mọ̀ sí CoS. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìwé, kì í ṣe bébà rárá. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni orúkọ òṣìṣẹ́, irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, iye wákàtí àti iye owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà náà, oṣù mẹ́ta ló ní láti fi tọrọ físà. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé bébà aláràbarà tó ní òǹtẹ̀ púpọ̀ wá fún ọ pé CoS nìyẹn, ó yẹ kí o fura.

Pípa ìwé àṣẹ mọ́ ṣòro ju gbígbà á lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí agbanisíṣẹ́ bá ti gba ìwé àṣẹ, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúṣe tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rí owó tó ń san fún un. Bí òṣìṣẹ́ kò bá wá síṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léraléra láìgba àyè, tàbí tí wọ́n bá dá a dúró, tàbí tí owó rẹ̀ bá dín kù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá yí orúkọ padà, bó bá kó kúrò níbi tó wà tàbí tí ẹlòmíràn rà á, ó ní ogún ọjọ́ iṣẹ́ láti sọ ọ́.

Ìpele A ni agbanisíṣẹ́ tó bá ń ṣe dáadáa máa ń wà. Bó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìpele B, kí wọ́n sì la ètò àtúnṣe kalẹ̀ fún un, èyí tí yóò sanwó fún. Bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n yóò dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí wọ́n gbà á pátápátá.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ wa. Nígbà tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, Home Office máa ń kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé àyè ìgbélùú wọn ti kúrú sí ọgọ́ta ọjọ́. Láàárín ọgọ́ta ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ rí agbanisíṣẹ́ mìíràn tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹni náà fún wọn ní CoS tuntun, kí wọ́n sì tún físà tọrọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Òṣìṣẹ́ tí kò jalè, tí kò purọ́, tí kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò jẹ irú ìyà yìí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó àti aláàbọ̀ ara kún àwọn iṣẹ́ tí àjèjì lè gba físà ìlera wá ṣe. Àìtó òṣìṣẹ́ ló fa èyí, lẹ́yìn àrùn kòrónà àti lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù. Lójijì, àwọn iléeṣẹ́ ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìwé àṣẹ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan jẹ́ ojúlówó. Àwọn kan kò ní arúgbó kankan tí wọ́n ń tọ́jú.

Ìròyìn tí David Neal, ẹni tó jẹ́ alábòójútó olómìnira lórí ọ̀rọ̀ ẹnubodè àti ìṣíkiri nígbà náà, kọ, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, fi ohun ìyàlẹ́nu hàn. Ó rí i pé Home Office ti fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan ní ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ 275. Iléeṣẹ́ mìíràn tó sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ni òun ní, ìwé ẹ̀rí 1,234 ni wọ́n fún un. Ó tún sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ló wà láti ṣọ́ nǹkan bí agbanisíṣẹ́ 1,600 tó ní ìwé àṣẹ. Ta ló lè ṣọ́ ẹgbẹ̀jọ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Nígbà tí ìjọba náà wá jí gìrì, pàṣán wọn kò mọ ẹni tó yẹ kó bà. Láàárín oṣù Keje ọdún 2022 sí oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n gba ìwé àṣẹ tó lé ní 470 lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìtọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ náà lé ní 39,000. Láàárín oṣù Keje ọdún 2024 sí oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìwé àṣẹ 1,948 ni wọ́n gbà káàkiri gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ọmọ ẹnì kan ló wà nídìí iye kọ̀ọ̀kan nínú àwọn iye yìí.

Ta ló yẹ kó san owó?

Òfin ṣe kedere lórí èyí. Owó kan wà tí agbanisíṣẹ́ ń san lọ́dọọdún fún òṣìṣẹ́ tó bá gbà láti òkèèrè: pọ́n-ùn 1,000 fún iléeṣẹ́ ńlá àti 364 fún kékeré, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1,320 àti 480 ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó CoS fúnra rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 239 kó tó di 525 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Láti ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti di owó CoS tàbí owó ìwé àṣẹ lé òṣìṣẹ́ lórí. Ìlànà tí ìjọba náà là kalẹ̀ fún gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti òkèèrè sì sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Àwọn aṣojú ayédèrú ń ta CoS bí ẹní ń ta iṣu lọ́jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà fún ohun tí kò ju pọ́n-ùn 525 lọ, tí kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ san kọ́bọ̀ lé lórí. Àwọn ènìyàn ta ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n yá owó èlé, wọ́n kó owó àjọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, àwọn kan bá iṣẹ́ tí kò tó wákàtí tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, àwọn kan kò tilẹ̀ bá iṣẹ́ rárá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Unison ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìlera ẹni tó ń tọ́jú ìlera ẹlòmíràn

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan ojú ìwé ìlera nínú ọ̀rọ̀ físà. Ó kàn án gidigidi. Olùtọ́jú tó jẹ gbèsè, tó mọ̀ pé bí òun bá bínú sí ọ̀gá òun, àyè ìgbélùú òun lè tán, kò ní lè sọ pé rárá. Bí wọ́n bá ní kó ṣe iṣẹ́ òru tẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀sán, yóò ṣe é. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò gbé e mì. Àìsùn tó pọ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó máa ń mú kí ìtọ́ ṣúgà le láti kápá, ó sì máa ń pa ìmọ̀lára ènìyàn. Ìdààmú ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì a máa tẹ̀ lé e, pàápàá fún ẹni tí ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024 ni òfin ti sọ pé olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kò lè mú ìdílé rẹ̀ dání.

Ẹni tó rẹ̀ lè fún arúgbó ní oògùn ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í tú àṣírí nígbà tó bá rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ aláìsàn. Nítorí náà, okùn tó dè òṣìṣẹ́ mọ́ agbanisíṣẹ́ tún ń fún aláìsàn lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn náà kò mọ̀.

Ohun tó yí padà

Ọ̀nà ti há gan-an báyìí. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìtọ́jú ní England kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tí ìwé àṣẹ ọ̀gá wọn ti bọ́ sọnù kí wọ́n tó wo ibòmíràn. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ olùtọ́jú mọ́ àwọn tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè tún físà wọn ṣe tàbí yí agbanisíṣẹ́ padà títí di oṣù Keje ọdún 2028. Nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣì lè lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ lónìí pé òun ní CoS olùtọ́jú arúgbó fún ọ láti Nàìjíríà ń purọ́.

Nílé, Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà sọ ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ kí wọ́n tó lè fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìṣíkiri àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó ní ọdún 2023, èyí ló fà á tí àwọn agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbọdọ̀ wá polongo iṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé tààrà sí wọn kò jẹ̀bi.

Èrò wa

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì. Orílẹ̀-èdè gbogbo ló ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń wọ ilẹ̀ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó ná owó gọbọi lórí òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti retí pé kò ní sá lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ló ń ṣe ìgbọ̀wọ́ lọ́nà tó mọ́, àìmọye nọ́ọ̀sì wa ló sì ń gbayì lábẹ́ wọn. A kò sọ pé kí wọ́n fọ́ ìwé àṣẹ náà túútúú.

Ohun tí à ń sọ ni pé kò bójú mu kí ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ wà lórí aláìṣẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ kéré jù fún ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn. Ó yẹ kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ̀bi ní àkókò tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì jẹ́ kó lè máa ṣiṣẹ́ fún ilé ìtọ́jú èyíkéyìí tó ní ìwé àṣẹ bó ti ń wá ibi tí yóò dúró sí. Bí físà bá so mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú dípò kó so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ọ̀gá búburú kò ní rí ẹni dẹ́rù bà.

Ìjọba tiwa náà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fún òkèèrè ní ìwé àṣẹ. Ó yẹ kí wọ́n máa kéde orúkọ àwọn tó ní in lórí rédíò, ní èdè abínibí, kí wọ́n sì fà àwọn tí kò ní in lé NAPTIP lọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti di ti òwò ènìyàn. Ó yẹ kí ọ́fíìsì aṣojú wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹni kan tí òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìdààmú lè pè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí owó oṣù àti irinṣẹ́ bá dára ní ilé ìwòsàn wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò fi ọgbọ́n lọ, kò ní fi ìkánjú lọ.

Ìmọ̀ràn fún olùwáṣẹ́

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kó lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn onígbọ̀wọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí orúkọ agbanisíṣẹ́ kò bá sí níbẹ̀, kò ní àṣẹ. Bó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú ní England ni, kó tún wò ó lọ́dọ̀ Care Quality Commission bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kó béèrè iye wákàtí àti iye owó tí wọ́n kọ sínú CoS, kó sì fi wé àdéhùn iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó san owó CoS, kó mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ti rú òfin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún kó tọ́jú ẹ̀dà ìwé owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù, kó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì máa wo orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ náà lóòrèkóòrè. Bí orúkọ náà bá pòórá, kó má dúró de lẹ́tà kó tó máa wá ibòmíràn. Ìwé àṣẹ náà jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ni yóò kà á.